Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́ Ẹtì, Aago Mẹ́rin

Dúró-ná ni gbogbo oníbàárà ń pè é, orúkọ náà sì bá a mu. Bó bá dé ilé tí nẹ́tíwọ̀kì ti dàrú, tí onílé ń fapá jánú pé kó tètè wá nǹkan ṣe, òun á káwọ́ sẹ́yìn, á ní, "Ẹ dúró ná." Á wo àpótí kékeré tó ń pín nẹ́tíwọ̀kì kiri inú ilé, á wo iná tó ń ṣẹ́jú lára rẹ̀, á béèrè ìbéèrè mẹ́wàá kó tó fọwọ́ kan wáyà kan ṣoṣo. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ilé bá ń jó, Dúró-ná á kọ́kọ́ béèrè aago tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ẹ rọra rẹ́rìn-ín o. Ìdúró yẹn ló fi rí obìnrin tó wù ú fẹ́, òun náà ló sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré kan ni obìnrin náà ń gbé, òun àti bàbá rẹ̀ nìkan. Bàbá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ṣì ń pè é. Iṣẹ́ atẹ̀wé ni ọmọ ń ṣe nínú yàrá rẹ̀ lókè. Àwọn ilé iṣẹ́ á fi ohùn ìpàdé wọn ránṣẹ́ sí i, á fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sétí, á tẹ gbogbo ohun tí wọ́n sọ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sórí kọ̀ǹpútà, á sì dá a padà kó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá kú ní aago mẹ́rin, iṣẹ́ ọjọ́ náà di àtúnṣe.

"Ẹ̀yin lẹ ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹrin," ló fi kí Dúró-ná káàbọ̀. "Ẹni àkọ́kọ́ ní kí n pa á, kí n tún un tàn. Ẹnì kejì ní kí n pa á, kí n ka ení, èjì títí dé ọgbọ̀n, kí n tó tàn án. Ẹnì kẹta ní kí n ra tuntun. Mo ra tuntun. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé kí n kó kúrò nílé ni?"

"Ẹ dúró ná," ni Dúró-ná wí.

Ó gbé àpótí náà kúrò lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n há a mọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀, ó gbé e kọ́ sára ògiri. Ó wo nẹ́tíwọ̀kì àwọn ará ilé kejì, ó rí i pé wọ́n ń rọ́ lu ti ilé yìí, ó sì yí ojú ọ̀nà rẹ̀ padà. Ó fi fóònù tirẹ̀ dán an wò lókè, ó dán an wò nísàlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ geere.

"Nẹ́tíwọ̀kì yín ò ṣàìsàn kankan."

"Àbí? Aago mọ́kànlá àárọ̀ lẹ wá. Gbogbo yín, àárọ̀ lẹ máa ń wá. Aago mẹ́rin ni wèrè rẹ̀ máa ń dé."

"Lójoojúmọ́?"

Atẹ̀wé ronú. "Ọjọ́ míì ni. Mi ò ṣírò rẹ̀."

Dúró-ná wá bẹ̀ ẹ́ pé kó wá ìwé àjákọ kan. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó kọ ọjọ́ tó kú, aago tó kú, aago tó jí, àti ohun tó ń lọ nínú ilé lákòókò náà. Bó ṣe máa ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Obìnrin náà wò ó bí ẹni ń wo ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́.

Nígbà tí Dúró-ná gba ìwé náà lọ sílé, ojú ìwé àkọ́kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ìṣẹ́gun. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méjì, ó kú. Èmi náà fẹ́ẹ̀ kú. Aago mẹ́rin ààbọ̀, ó jí, kò tiẹ̀ tọrọ àforíjì." Lójú ìwé mìíràn: "Ẹtì. Ó kú. Ohun tó ń lọ nínú ilé: bàbá mi ń sùn, mo ń bú kọ̀ǹpútà, ẹyẹ kan bà lójú fèrèsé, ó gbọ́ èébú náà, ó fò lọ."

"Ìwé wo lò ń kà tó ń pa ẹ́ lẹ́rìn-ín báyìí?" ìyá rẹ̀ béèrè.

"Ìwé iṣẹ́ ni, Màámi."

"Iṣẹ́ wo ló ń mú èèyàn rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀? Ọmọ ta ni?"

Dúró-ná gbé ìwé náà wọ yàrá. Kí ó tó di ọjọ́ kejì, ó ti ka ìwé náà nígbà mẹ́ta, ó sì ti rí ohun méjì níbẹ̀. Èkíní ni pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì nìkan ni nẹ́tíwọ̀kì ń kú, ní aago mẹ́rin, fún bí ìdajì wákàtí. Èkejì ni pé ọkàn rẹ̀ ti ń fà sí ẹni tó kọ ìwé náà.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, ó dé ibẹ̀ ní aago mẹ́ta ààbọ̀. Bí aago mẹ́rin ṣe lù, ojú kọ̀ǹpútà dúró gbagidi.

"Ẹ wò ó!" Atẹ̀wé pàtẹ́wọ́. "Ẹ sọ pé mo ń parọ́ nísinsìnyí!"

Dúró-ná mú fóònù rẹ̀ tó ń fi bí ìgbì nẹ́tíwọ̀kì ṣe rí nínú afẹ́fẹ́ hàn án, ó sọ̀ kalẹ̀. Bó ṣe ń sún mọ́ yàrá ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ni ariwo inú afẹ́fẹ́ ń pọ̀ sí i. Yàrá Tíṣà ni. Ó kan ilẹ̀kùn. Tíṣà ṣí i pẹ̀lú fóònù ilé àtijọ́ kan lọ́wọ́, irú èyí tí kò ní wáyà, tí ìdí rẹ̀ wà lọ́tọ̀. Dúró-ná rí ìdí rẹ̀ lẹ́yìn àwọn ìwé lórí pẹpẹ. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ní láti ṣàlàyé fún un: fóònù náà àti nẹ́tíwọ̀kì, afẹ́fẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń lò, bí fóònù bá sì ti la ẹnu, nẹ́tíwọ̀kì kì í gbọ́ ohun tí kọ̀ǹpútà ń sọ mọ́.

Ó ti fẹ́ sọ ọ́ kó sì rẹ́rìn-ín, àfi bó ṣe rí ojú bàbá náà.

"Ẹ ti ilẹ̀kùn," Tíṣà wí. Ó sọ sínú fóònù pé, "Màá tún pè ọ́," ó sì jókòó sórí ibùsùn. "Ìyá rẹ̀ ni. Ọmọ mi rò pé ó ti kú."

Ọmọ ọdún méje ni ọmọ náà nígbà tí ìyá rẹ̀ kó ẹrù jáde. Ẹ̀bi ta ni? Tíṣà ní òun ti da ẹjọ́ náà rò fún ọdún mẹ́tàlélógún, òun kò tíì rí ẹni tó jàre. Ìbínú ọjọ́ yẹn ló mú kó sọ fún ọmọ pé ìyá rẹ̀ ti kú. Ó rò pé ikú á rọrùn fún ọmọdé ju pé ìyá fi í sílẹ̀ lọ. Lẹ́tà ń wá, ó ń dá a padà. Ní ọdún tó kọjá ni ìròyìn wá dé láti ilé ìwòsàn kan ní ìlú tó jìnnà pé àìsàn ti dá obìnrin náà dùbúlẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì máa ń gbé fóònù wá sí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ní aago mẹ́rin. Tíṣà a máa ròyìn ọmọ fún un.

"Kí ló dé tẹ́ ò lo fóònù alágbèéká yín, Bàbá?"

"Ọmọ mi ló ń bá mi tọ́jú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè mí tí ò mọ̀. Èyí, ó rò pé wọ́n ti gé e tipẹ́." Ó di ọwọ́ Dúró-ná mú. "Ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni mo sọ irọ́ náà, ẹ jẹ́ kó jẹ́ èmi ni màá tú u. Ẹ fún mi láàyè díẹ̀."

Ọ̀gá tó kọ́ Dúró-ná níṣẹ́ ti fi òfin kan há a lórí: gbogbo ohun tójú rí kọ́ lẹnu ń sọ. Ẹni tó ń wọ yàrá ènìyàn á rí lẹ́tà, á rí oògùn, á rí àwòrán. Kó tún wáyà ṣe, kó sì máa lọ. Dúró-ná ò tíì rú òfin náà rí, inú rẹ̀ a sì máa dùn sí ara rẹ̀ nítorí rẹ̀. Ó ṣèlérí.

"Ògiri ni," ló sọ nígbà tó padà gòkè. "Ògiri ìsàlẹ̀ yẹn nípọn jù. Màá fa wáyà láti ara àpótí wá síbi kọ̀ǹpútà yín, kò ní nílò afẹ́fẹ́ mọ́."

"Ògiri? Ògiri tó mọ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yàtọ̀ sí ọjọ́rú?"

"Nẹ́tíwọ̀kì ní ìwà tiẹ̀," ló fèsì, kò sì lè wo ojú rẹ̀.

Ó fa wáyà náà gba ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, ó kàn án mọ́ ògiri dáadáa. Láti ọjọ́ náà, kọ̀ǹpútà kò dúró mọ́. Atẹ̀wé ní ìbànújẹ́ kan péré ló ti ibẹ̀ wá, pé òun ò rí ẹni tí òun á máa kọ̀wé sí mọ́. Dúró-ná ní kó máa kọ ọ́ sí òun. Báyìí ni ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀, tí "ẹ" di "o", tí wọ́n ń rìn yípo ọgbà ìtura lọ́jọ́ Àìkú títí ẹsẹ̀ fi ń ro wọ́n.

Nínú ọgbà yẹn ló ti sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, "Ṣó o mọ ohun tó ń dùn mí? Mo ti gbàgbé ohùn ìyá mi. Ohùn àwọn tí mi ò mọ̀ rí ló máa ń wà létí mi látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ti ìyá mi ni mi ò rántí." Ó sunkún. Dúró-ná nu omijé rẹ̀ nù. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu rẹ̀, ó dé ètè, ó sì gbé e mì. Lọ́jọ́ kejì ó lọ bá Tíṣà.

"Bàbá, ẹ sọ fún un. Mo bẹ̀ yín."

"Màá sọ. Ẹ ṣáà ní sùúrù."

Sùúrù ni iṣẹ́ Dúró-ná. Oṣù mẹ́fà kọjá, ó di mẹ́wàá.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wá délẹ̀, àbúrò Tíṣà, tí Atẹ̀wé ń pè ní Àǹtí, ló bá wọn gbé e lọ. Obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ ni. Àfi bí Tíṣà ṣe fárígá.

"Ẹni tó ń gbé àkàbà kiri ilé onílé? Rárá."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé ṣọ́ọ̀kì kiri fún ọdún márùndínlógójì? Ọkùnrin náà níṣẹ́ lọ́wọ́, ó níwà, ọmọ yín fẹ́ràn ẹ̀. Kí ló kù?"

"Mo ní rárá."

Àǹtí jáde, ó ń mi orí. Atẹ̀wé fọwọ́ lé ìbàdí níwájú Dúró-ná. "Kí lo ṣe fún bàbá mi? Bó o bá ti wọlé, ojú ẹ̀ máa ń yí padà. Kí lo ṣe fún un?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan fún un," ó wí. Òótọ́ ni, kò sì sí òótọ́ kankan nínú rẹ̀.

Ó mọ ìdí rẹ̀. Ta ló fẹ́ kí ẹni tó mọ àṣírí òun di àna òun? Ó pa dà lọ sí yàrá ẹ̀yìn náà, Tíṣà sì sọ ojú abẹ níkòó. Bí Dúró-ná bá lè pa ẹnu mọ́ títí ìgbéyàwó á fi kọjá, òun á fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, òun fúnra òun á mú ọmọ lọ bá ìyá rẹ̀.

Ṣé ó yẹ kó kọ̀? Ó yẹ. Ó rìn délé lọ́jọ́ yẹn, ó bi ara rẹ̀ bóyá òfin iṣẹ́ ló ń pa mọ́ àbí ó ti ń fi ìyá ọmọ ra ọmọ. Kò fẹ́ràn èsì tó rí, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, Tíṣà pe Àǹtí, ó ní òun ti gbà. Atẹ̀wé fò mọ́ Dúró-ná lọ́rùn ní ẹnu ọ̀nà, ayọ̀ náà sì pọ̀ débi pé ọkùnrin náà gbàgbé ohun tó fi rà á.

Ó ku oṣù kan àti ọjọ́ díẹ̀ kí ìgbéyàwó pé. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, Dúró-ná wà ní yàrá Tíṣà, wọ́n ń ka iye àga tí àlejò máa jókòó sí. Aago mẹ́rin lù. Tíṣà pe ilé ìwòsàn, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì na fóònù sí i. "Ó ní òun fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ." Ó jáde lọ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, bóyá láti ṣọ́ àtẹ̀gùn.

"Ẹ káàsán, mà."

"Ìwọ lo fẹ́ fẹ́ ẹ?" Ohùn náà fẹ́lẹ́, ó ń sinmi láàárín ọ̀rọ̀.

"Èmi ni, mà."

"Ṣé ó máa ń rẹ́rìn-ín?"

"Gan-an, mà. Ó sì máa ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín."

"Ṣé ó ga?"

"Ó fi díẹ̀ ga jù mí lọ, mà. Ó ní kí n má wulẹ̀ nàgà."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Nígbà tó rọlẹ̀, ó ní, "Mi ò ní nǹkan tí mo lè fún un. Bá mi ṣe ohun kan. Má parọ́ fún un. Àwa òbí ẹ̀ ti pa á fún un tó."

"Mo gbọ́, mà."

Ó gòkè lọ. Atẹ̀wé yọ ẹ̀rọ ìgbọ́hùn létí. "Kí lẹ̀yin méjèèjì ń sọ nísàlẹ̀ látàárọ̀?"

"Ọ̀rọ̀ àga," ni Dúró-ná wí. Ó yára sọ ọ́, kò tiẹ̀ dúró rárá.

Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà, ìyá náà kú.

Tíṣà kó gbogbo wọn jọ sí pálọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọmọ rẹ̀, Àǹtí, àti Dúró-ná. Ó dìde dúró bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì, ó ní àná ni ìyá Atẹ̀wé ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Àǹtí pariwo. Òun náà kò mọ̀. Atẹ̀wé kò pariwo.

"Ẹ tún un sọ, Bàbá."

Ó tún un sọ.

"Ó wà láyé láti gbogbo ọdún yìí wá. Títí di àná."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi."

"Ọjọ́ wo lẹ máa ń pè é?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àti ọjọ́ Ẹtì."

"Aago mélòó?"

Atẹ̀wé yí ojú sí Dúró-ná, díẹ̀ díẹ̀, ọkùnrin náà sì rí i bí ó ṣe ń yé e.

"O mọ̀."

"Mo ṣèlérí fún Bàbá pé—"

"Ògiri lo pè é. Mo sọ fún ẹ nínú ọgbà pé mi ò rántí ohùn ìyá mi. O jókòó tì mí. O ń nu ojú mi. Ìyá mi ń sọ̀rọ̀ nínú ilé tí mò ń gbé, mo wà lókè, mò ń bú kọ̀ǹpútà."

"Ọmọ mi," Àǹtí wí láàárín ẹkún, "ó bọ̀wọ̀ fún bàbá ẹ ni."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò yan bàbá mi. Òun ni mo yàn."

Òun àti Àǹtí ló lọ sin ìyá rẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí àlejò pé ìgbéyàwó ò wáyé mọ́. Dúró-ná pè é títí, kò gbé e. Ìyá Dúró-ná ní kó lọ dọ̀bálẹ̀ fún un, ó lọ, ilẹ̀kùn kò ṣí. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló kù tó ń lọ lójoojúmọ́, ó ń tú àpótí, ó ń tò ó padà, ó sì ń dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́.

Oṣù mẹ́ta kọjá kí Atẹ̀wé tó wọ ṣọ́ọ̀bù náà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ti rù. Kò jókòó sórí àga tí Dúró-ná nà sí i.

"Bàbá mi ní o bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní òun wà níta, òun ò gbọ́ ohun tó sọ. Sọ ọ́ fún mi. Gbogbo ẹ̀."

Dúró-ná fi irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó sọ fún un pé ìyá rẹ̀ béèrè bóyá ó máa ń rẹ́rìn-ín, ó sì sọ èsì tí òun fún un. Ó sọ ti gíga, àti ti nínàgà.

"Ó rẹ́rìn-ín?" Atẹ̀wé béèrè. "Ó rẹ́rìn-ín lóòótọ́?"

"Títí ikọ́ fi mú un."

Omi bọ́ lójú obìnrin náà, ó sì ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Ó fa àga, ó jókòó. Ó na ọwọ́ kọjá orí tábìlì, ó di ọwọ́ Dúró-ná mú, bó ṣe máa ń dì í mú nínú ọgbà. "Báwo ni ohùn ẹ̀ ṣe rí?"

"Ó jọ tìẹ, tó bá rẹ̀ ẹ́."

Ó di ọwọ́ náà mú le sí i. "Ṣé ó tún sọ nǹkan míì?"

Dúró-ná wo ọwọ́ náà. Kò sí ẹlòmíì láyé yìí tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Bó bá ní "ó parí síbẹ̀," bóyá ọwọ́ yìí kò ní kúrò mọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó wí. "Ó ní òun ò ní nǹkan tí òun lè fún ẹ. Ó ní kí n má parọ́ fún ẹ. Pé àwọn òbí ẹ ti pa á fún ẹ tó."

"Ọjọ́ wo nìyẹn?"

"Ọjọ́ tí mo sọ fún ẹ pé ọ̀rọ̀ àga la ń sọ."

Ọwọ́ náà tú.

"Láti ọmọ ọdún méje," Atẹ̀wé wí, kò sì sí ìbínú lóhùn rẹ̀, "ohun kan ṣoṣo tí ìyá mi rí fún mi nìyẹn. Ó rán ẹ níṣẹ́, o ò jẹ́ ẹ."

"Mo jẹ́ ẹ báyìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni. O ṣeun."

Ó nu ojú rẹ̀. Ó dìde, ó gbé àga padà síbi tó ti bá a, ó sì jáde. Ọwọ́ Dúró-ná ṣì wà lórí tábìlì níbi tó fi í sí, kò gbé e kúrò títí oníbàárà kan fi wọlé, tó há àpótí tó ti bàjẹ́ mọ́ abíyá.